Ọjọ́ Tí A Tú Kókó Okùn Bàbá Ẹ̀yìnkùlé

“Má tíì fọwọ́ kàn án, ó ṣì gbóná,” ni Bàbá wí fún mi. Wọ́n gbé orí okùn ọ̀rá náà kúrò lẹ́nu iná àbẹ́là, wọ́n sì fẹnu fẹ́ ẹ, fúù, fúù, bí ìgbà tí ìyá ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ rẹ̀. Òórùn ọ̀rá tó jó ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Mò ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnìkan ju korobá sínú kànga. Bàbá ki okùn tó ti tutù náà bọ ẹnu, wọ́n sì fi eyín fà á títí kókó tí wọ́n ta fi le gbagidi. Eyín wọn ò pọ̀ mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó kù mọ iṣẹ́ wọn.

Mùṣín ni ilé náà wà, ilé gbọọrọ tí iyàrá kọjú sí iyàrá, tí gbogbo wa jọ ń lo kànga kan àti balùwẹ̀ kan. Iyàrá Bàbá nìkan ló dá wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé kejì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi ń pè wọ́n ní Bàbá Ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní orúkọ o, orúkọ gidi tó dùn ún pè, ṣùgbọ́n mi ò ní dá a níhìn-ín. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé, ènìyàn rere sì ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á dùn wọ́n ju bó ṣe dùn mí lọ, bẹ́ẹ̀ ó dùn mí púpọ̀.

Tíṣà ìṣirò ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin méjì ń gbé ní Àgùdà, wọ́n sì máa ń wá kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ wá nínú kúlà, wọ́n á bẹ Bàbá kí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ àwọn. Bàbá á jẹun, á ṣàdúrà fún wọn, á sì kọ̀. “Inú fúláàtì yín ni mo fẹ́ kó okùn mi sí? Ìyàwó yín á lé èmi àti okùn jáde pọ̀ ni.” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé ẹ̀rín náà ò dénú àkọ́bí. Bọ̀dá Àgbà ni mò ń pe àkọ́bí yẹn. Wọ́n fẹ́ràn baba wọn débi pé wọ́n máa ń fi ọwọ́ ara wọn fọ ẹsẹ̀ Bàbá, kí wọ́n tó padà sílé.

Okùn ló sọ mí di ará iyàrá Bàbá. Bàbá tèmi ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun àpò ní Ìlúpéjú, wọ́n sì máa ń gbà wọ́n láyè láti kó àjákù okùn ọ̀rá lọ sílé. Bí bàbá mi bá kó o dé, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ gbé e fún Bàbá Ẹ̀yìnkùlé. N kì í tètè padà.

Nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n gbé wọn lọ kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ náà ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Erédò. Wọ́n ní ó jìn débi pé tí èèyàn bá dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ní rí ojú ọ̀run ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ di òkìtì gíga létí rẹ̀, igi ńláńlá sì ti hù lórí òkìtì náà. Ó tutù níbẹ̀ kódà lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan ní obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí ayé má bàa gbàgbé òun. Bàbá kì í bá wọn jiyàn. “Ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ò kàn mí,” ni wọ́n máa ń wí. “Bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n ni mò ń wá.”

Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá a. Gbogbo ìsinmi iléèwé, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì wọn ló ń bá ọkọ̀ Ìjẹ̀bú lọ. Kò sí ìjọba tó rán wọn, kò sí iléèwé tó bi wọ́n léèrè.

“Ka ìṣirò fún mi,” ni wọ́n á wí fún mi. Màá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí mo bá dé mẹ́rìndínlógún, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè. “Dúró ńbẹ̀. O ò tíì dé ogún, o ti ń dárúkọ ogún. Mẹ́rin ló dín. Àwa kì í rọra gun òkè bí òyìnbó. A máa ń sáré dé ogún ná, a ó wá padà sẹ́yìn.”

Ohun tí Bàbá gbà gbọ́ ni pé bí a ṣe ń kà yẹn gan-an ni àwọn ará ìgbàanì ṣe gbẹ́ yàrà náà. Wọ́n á wa ilẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ń lọ títí iye á fi pé ogún, lẹ́yìn náà wọ́n á fi amọ̀ dí díẹ̀ padà. Bàbá ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ yàrà náà wò níbi púpọ̀, wọ́n sì sọ pé amọ̀ tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara ògiri, ọwọ́ èèyàn ló dá a padà. Wọ́n á fi igi ìgbálẹ̀ ya gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ fún mi. Èmi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà yẹn, bí mo bá ń ka iye nílé ìwé tí mo sì dé mẹ́rìndínlógún, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo dúró sínú ihò kan tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ padà sí.

Ìyá mi ló bi wọ́n ní ìbéèrè tó le jù. Ó ń fọ ẹ̀wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Òjò ńkọ́? Ṣé òjò ò lè gbá amọ̀ wọ ìsàlẹ̀ kòtò ni?”

Mo rò pé Bàbá á bínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi orúkọ mi pè é. “Ìyáa Sìdí, ìbéèrè gidi lo bi mí yẹn! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá òjò yẹn jìjàkadì, kò tíì ṣubú.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó máa bá mi dá a lẹ́jọ́ ni mò ń wá.”

Inú ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ohun gbogbo sí. Àmọ́ kí wọ́n tó bí mi, òjò ọdún kan mú kí gọ́tà àdúgbò wa kún, omi wọ iyàrá Bàbá dé orókùn, gbogbo ìwé náà sì rọ mọ́ra wọn. Ẹlòmíràn á jáwọ́. Bàbá padà sí Ìjẹ̀bú, wọ́n tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pinnu pé ohun tí omi ò lè pa, tí eku ò lè jẹ, ni àwọn á fi pa á mọ́. Bí okùn ṣe dé nìyẹn. Okùn kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó dúró fún lára yàrà náà. Kókó ńlá jẹ́ ogún, kókó wẹ́wẹ́ jẹ́ ẹyọ kan, èyí tó bá sì ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́ lórí ni iye tí a yọ kúrò. Wọ́n á fi iná pa orí okùn kí ó má bàa fọ́n, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ kó tutù, wọ́n á fi eyín fà á. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìka kà á pẹ̀lú ojú dídì.

Fífẹnu fẹ́ okùn yìí ló fa wàhálà. Ìyá kan wà ní iyàrá iwájú tó ń ta ọṣẹ, ojú rẹ̀ kì í sùn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó rí Bàbá láàárọ̀ kan. “Mo fojú mi rí i,” ó wí fún àwọn obìnrin tó ń pọnmi. “Wọ́n ta kókó, wọ́n fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ṣé ẹ̀yin ò lọ iléekéwú ni?” Gbogbo wa la lọ iléekéwú. Kò sí ọmọ kékeré tí wọn ò tíì kọ́ pé kó sá di Ọlọ́run lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kókó tí wọ́n sì ń fẹnu fẹ́ ẹ. Àsàsí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba àgbà ju ọmọdé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọmọ Bàbá. Jímọ̀ kan, Bọ̀dá Àgbà kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Bàbá, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká kó àwọn okùn yìí kúrò.”

“Kí ni wọ́n ń sọ?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n, Bàbá.”

Bàbá wò wọ́n títí. “Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wá, kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á. Ọmọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn ti mọ̀ ọ́n.” Èmi ni wọ́n nàka sí. Bọ̀dá Àgbà wò mí, mo sì rí i lójú wọn pé ẹ̀rù tún ń bà wọ́n nítorí tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá ń fẹ́ láyé nígbà yẹn: kí ẹni tó mọ nǹkan nípa ohun àtijọ́ wá wo iṣẹ́ yìí kí àwọn tó kú. Olùkọ́ yunifásítì kan wà ní apá Yaba tí wọ́n ń tọ̀ lọ. Wọ́n á wọ jàlàbíà funfun, wọ́n á gba Sábó lọ, wọ́n á gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú orókùn tó ń dùn wọ́n. Nígbà míì kì í sí níbẹ̀. Nígbà míì á ní kí wọ́n padà wá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, Bàbá fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló dí. “Mi ò fẹ́ kó yìn mí,” ni wọ́n wí fún ìyá mi. “Bí mo bá gbà á, kó sọ. Bí mo bá ṣì í, kó fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí, kí n lè sinmi.”

Níkẹyìn, ọkùnrin náà ní òun á wá sí Mùṣín fúnra òun, lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò rí ìdùnnú báyẹn rí lójú àgbàlagbà. Bàbá kan ìṣó sí ara ògiri iyàrá wọn yípo, wọ́n sì gbé okùn kọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ibi tí wọ́n dúró fún ṣe tẹ̀ léra. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú wọlé. Okùn funfun, okùn aláwọ̀ ewé, okùn pupa, wọ́n so rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀ níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń sọ fún mi bá a ṣe ń lọ: ibí yìí ni odò ti gé e, ibí yìí ni wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ tà, ibí yìí ni ejò ti lé wọn. Mo fi ọwọ́ tọ́ gbogbo rẹ̀. Mo yí i po tán, mo sì padà sẹ́nu ọ̀nà.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà. Bàbá jókòó sórí àpótí nínú jàlàbíà wọn láti àárọ̀. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, fóònù dún. Ọkùnrin náà ní omi ti dí ọ̀nà, kí wọ́n má bínú, ó di Sátidé tó ń bọ̀. “Kò séwu, sà, kò séwu rárá,” ni Bàbá ń wí, wọ́n sì ń tẹrí ba fún fóònù. Wọ́n fi àwọn okùn náà sílẹ̀ lára ògiri bí wọ́n ṣe wà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mi ò gbóòórùn ọ̀rá. Ìyá mi lọ kanlẹ̀kùn. Bàbá mi ló fi èjìká ṣí i nígbà tó yá. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé dùbúlẹ̀ sórí ẹní wọn bí ẹni tó sùn, ara wọn ti tutù, àwọn okùn sì so rọ̀ yí wọn ká. Ìyá olọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ ké lẹ́yìn wa. “Àsítágàfúrúlái! Ẹ wo ohun tí wọ́n kú sáàárín ẹ̀!”

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ Bàbá ti dé, àfáà ti dé, omi ìwẹ̀ ti wà lórí iná. Bọ̀dá Àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà, wọn ò lè wọlé. Àfáà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí wọn létí, ṣùgbọ́n mo súnmọ́ wọn, mo gbọ́. “Mi ò sọ pé bàbá yín ṣe nǹkan kan o. Ọlọ́run ló mọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n di kókó kankan lọ síwájú Ẹlẹ́dàá wọn.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó gbogbo okùn náà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Gbogbo ilé ló dà bò ó, àwọn ọkùnrin, àwọn obìnrin, kódà ìyá olọ́ṣẹ, ó ń sunkún. Kò sí ìkà kankan níbẹ̀. Bísímílà ni wọ́n ń ṣe lórí kókó kọ̀ọ̀kan. Bàbá ti ta á le jù, èékánná ń ya, wọ́n ń fi ìṣó tú u, wọ́n ń fi fọ́ọ̀kì tú u. Bọ̀dá Àgbà fi eyín fà á bí baba wọn ti máa ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ sì yọ ní èrìgì wọn. Àwọn tó kọ̀ tí ò tú, wọ́n gé e, wọ́n sì dáná sun kókó rẹ̀.

Mo lọ bá Bọ̀dá Àgbà. Mo kúnlẹ̀. “Bọ̀dá, ìṣirò ni. Ìwọ̀n yàrà ni. Kókó ńlá yìí, ogún ni.”

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú. “Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn wọn. Èmi náà fẹ́ràn wọn. Jẹ́ kí bàbá mi lọ ire.” Omijé ń bọ́ lójú wọn sórí okùn náà. Ìyá mi wá fà mí dìde. Mo wò ó pé kó sọ̀rọ̀, nítorí òun náà mọ ohun tí okùn yẹn jẹ́. Nígbà tí a wọlé tán ni ó tó sọ fún mi pé ọmọ ló ni òkú, kò sí ohun tí ayálégbé lè rí sọ sí i. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà. Mo ti dàgbà báyìí, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, inú ṣì ń bí mi.

Wọ́n sin Bàbá kó tó di Àlàásárì. Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, fóònù Bàbá dún nínú àpò àbúrò Bọ̀dá Àgbà. Ọkùnrin Yaba yẹn ni, ó fẹ́ tọrọ gáfárà pé òun ò tún ráyè wá lọ́jọ́ Sátidé. “Wọ́n ti kú, sà,” ni àbúrò wí. Ọkùnrin náà ní ẹ kú ìrójú o, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Okùn tó kù, wọ́n pín in fún ará ilé torí okùn tó dáa ni. A fi ọ̀kan pọnmi. Ìyókù di okùn ìsáṣọ, ó sì pẹ́ gan-an tí a ń sá pátá àti ìlédìí ọmọ sórí iṣẹ́ Bàbá. Kò já. Ọ̀rá gidi ni.

Mo ní kẹ́míìsì kékeré kan ní Àgùdà báyìí. Bọ̀dá Àgbà máa ń wá ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ mi. Irùngbọ̀n wọn ti funfun bí ti baba wọn. A kì í sọ̀rọ̀ ilé Mùṣín. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n wọlé, wọn ò béèrè oògùn. Fóònù ni wọ́n nà sí mi. Àwọn èèyàn kan ló wà nínú fídíò náà, wọ́n wọ bàtà òjò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò lókè wọn yàrà Ìjẹ̀bú yẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì ń sọ bí ó ti ṣe pàtàkì tó.

“Ìwọ lo máa ń wà lọ́dọ̀ wọn,” ni Bọ̀dá wí. “Ṣé ohun tí bàbá mi ń ṣe nìyí?”

Mo lè purọ́. Mo ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, mo mọ bí ara wọn ṣe rí. Àmọ́ mi ò tún lè bá wọn pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ Bàbá. “Òun ni, Bọ̀dá.”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. “Mo rò pé mo ń gbà wọ́n là ni.” Wọ́n nu ojú wọn. “Sọ ọ̀kan fún mi. Okùn kan péré, bó ṣe lọ. Ká tún un ta.”

Mo di ojú mi níbẹ̀, lẹ́yìn káńtà, bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Mo wá a. Mo rí ògiri, mo rí àwọ̀ okùn, mo rí jàlàbíà wọn. Iye ò sí níbẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mo rò pé gbogbo ìgbà ni okùn á máa wà níbẹ̀ fún mi láti kà. Mo mi orí fún Bọ̀dá, wọ́n sì dìde, wọ́n gbàgbé láti ra oògùn. Mo ní kí ọmọ tó ń bá mi tajà sáré gbé e tẹ̀ lé wọn.

Ohun tó wà lọ́kàn mi títí di òní kì í ṣe pé Bàbá gbà á. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á. Ó lè jẹ́ òjò ló gbá amọ̀ yẹn wọlé bí ìyá mi ti wí, kó jẹ́ pé gbogbo ayé wọn ni wọ́n fi tẹ̀ lé ohun tí kò sí. Ká ní ẹnìkan wá, tó kà á, tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn ì bá ti sinmi. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé wọ́n gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ṣì í. Ìyẹn pàápàá, a gbà á lọ́wọ́ wọn.